Owó Ìparí: Ta Ni Ó Jẹ Ta Ní Gbèsè?

  Ọ̀rọ̀ owó dídá ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní oṣù mẹ́ta yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìkórè, kì í sì í ṣe ti ilé ìjọsìn. Mo fẹ́ kí a ronú sí irú owó kan tí àwọn ènìyàn ń wá tọrọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ obìnrin lóde òní, tí a kì í sábà mọ èsì tí ó yẹ kí a fọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọ̀dọ́ kan dé síwájú ẹgbẹ́ ní ọjọ́ ìpàdé. Ó ní òun ń ṣe fíìmù kan tí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ lè jókòó wò pọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fi ọwọ́ bojú. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn rẹ̀. Owó tí òun fúnra rẹ̀ tù jọ, owó ọ̀rẹ́, owó ẹ̀gbọ́n àti owó tí ó yá ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ya àwòrán náà tán, àwọn òṣèré ti lọ sí ilé wọn, owó sì ti tán. Ó wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a ran òun lọ́wọ́ kí òun lè parí rẹ̀.

Bí ó bá ti jáde síta, ẹnu a máa pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìyá kan á ní, "Ó di dandan kí a ràn án lọ́wọ́. Bí a kò bá ràn án lọ́wọ́, gbogbo owó tí wọ́n ti ná yóò ṣègbé, ẹ̀bi rẹ̀ yóò sì wà lọ́rùn wa." Ìyá mìíràn á dáhùn pé, "Ta ni ó rán an níṣẹ́? Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ohun tí apá rẹ̀ kò ká, kí òun náà lọ parí rẹ̀." Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní ìdí. Ìbéèrè tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni èyí: nígbà tí iṣẹ́ rere bá dúró sí agbede méjì, ta ni ó jẹ ta ní gbèsè? Ṣé àwa tí a rí i pé kò parí ni a jẹ oníṣẹ́ lówó, àbí oníṣẹ́ ni ó jẹ wá ní nǹkan kan?

Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ tí kò parí kò sọ ẹnikẹ́ni di onígbèsè owó, bí ó ti wù kí iṣẹ́ náà dára tó. Ẹni tí ń tọrọ ni gbèsè kan wà lọ́rùn rẹ̀, gbèsè òtítọ́ ni. Bí ó bá ti san gbèsè yìí, ọwọ́ wa ni ó kù sí, a sì lè fún un pẹ̀lú ọkàn tí ó fúyẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ìdí tí owó ìparí fi ṣòro

Fíìmù kò dàbí ilé. Ilé tí kò tíì parí, ènìyàn lè fi páànù bo yàrá kan kí ó máa gbé inú rẹ̀. Oko tí a kò tíì ro tán, a lè kórè apá tí a ti ro. Ṣùgbọ́n fíìmù tí ó ku díẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ìdajì rẹ̀ kò ṣe é tà, kò sì ṣe é fi han àwọn ọmọ ní alẹ́.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé nígbà tí òṣèré bá ti bọ́ aṣọ eré, iṣẹ́ ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan yóò jókòó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láti gé àwọn àwòrán náà, kí ó sì tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn kí ìtàn lè já gaara. Wọn yóò tún ohùn ṣe, nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti ọkọ̀ a máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Wọn yóò fi orin sí i, bí orin náà bá sì jẹ́ ti ẹlòmíràn, wọn yóò gba àṣẹ, wọn yóò sì sanwó. Ní Nàìjíríà, láti ìgbà tí òfin 1993 ti dá àjọ tí ń yẹ fíìmù àti fídíò wò sílẹ̀, fíìmù gbọ́dọ̀ kọjá lọ́wọ́ àjọ náà kí a tó fi í han gbogbo ènìyàn, owó sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ìpolówó àti ọ̀nà tí fíìmù yóò gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò wò ó.

Gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí wà ní kọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, alága wà níbẹ̀, onílù wà níbẹ̀, wọ́n sì ń ké sí olówó lórúkọ. Ta ni ń lu ìlù fún ẹni tí ó sanwó títún ohùn ṣe? Ìdí rẹ̀ nìyí tí owó ìbẹ̀rẹ̀ fi ń rọrùn láti rí ju owó ìparí lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, à fi ẹni tí ó bá fi orí tì í dópin.

Nítorí pé owó ìparí ṣòro, ẹni tí ń tọrọ rẹ̀ a máa fẹ́ fi okùn kan fà wá. Okùn náà ni, "Ẹ wo iye tí a ti ná." Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ ìṣirò mú un. Bí ó bá ní òun ti ná ₦5,000,000, tí ó sì ku ₦2,000,000, àánú ₦5,000,000 yẹn a máa ṣe wá. Ṣùgbọ́n bí a fúnni, bí a kò fúnni, ₦5,000,000 ti lọ. Ohun tí ó wà níwájú wa ni ₦2,000,000 tí ó kù. Ṣé yóò parí rẹ̀ ní tòótọ́? Bí ó bá parí, ṣé ohun tí a ó rí yóò tó ₦2,000,000 ní iyì àti ní àǹfààní? Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà mọ ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ. Ìyá tí tòmátì rẹ̀ ti rà lójú ọ̀nà kì í háyà ọkọ̀ kejì nítorí pé ó ti sanwó ọkọ̀ àkọ́kọ́. Bí tòmátì náà bá ṣì dára, yóò háyà ọkọ̀. Tòmátì ni yóò wò, kì í ṣe owó ọkọ̀ àná.

Ọkùnrin Calcutta àti wúrà ìyàwó rẹ̀

Ìtàn kan wà tí gbogbo ẹni tí ń wá owó ìparí fẹ́ràn láti sọ. Ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n, kí a sì mọ bí a ó ti lò ó.

Ní 1952, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Satyajit Ray ń ṣe iṣẹ́ ayàwòrán ní ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà kan ní Calcutta, ní ilẹ̀ Íńdíà, ìlú tí à ń pè ní Kolkata lónìí. Kò ṣe fíìmù rí. Ó fẹ́ fi ìwé kan tí Bibhutibhushan Bandyopadhyay kọ, tí ó jáde ní 1929, ṣe fíìmù. Pather Panchali ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì súnmọ́ "Orin Ọ̀nà Kékeré". Ìtàn ìdílé tálákà kan ní abúlé ni: bàbá tí ń wá iṣẹ́ kiri, ìyá tí ń fi díẹ̀ bọ́ ọ̀pọ̀, ọmọbìnrin kan, ọmọkùnrin kan, àti ìyá arúgbó kan tí ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Kò sí orin ijó nínú rẹ̀, kò sí gbajúmọ̀ òṣèré. Nítorí náà, àwọn olówó fíìmù kọ̀ láti dá sí i.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó kékeré tí ó yá. Ẹni tí ń di kámẹ́rà mú, Subrata Mitra, jẹ́ ọmọ ọdún 21, kò sì tíì fi kámẹ́rà fíìmù ṣiṣẹ́ rí. Ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n fi ń ya àwòrán, nítorí Ray kò lè fi iṣẹ́ oṣù rẹ̀ sílẹ̀. Ní October 1952, wọ́n ya àwòrán àwọn ọmọ méjèèjì nínú pápá kan tí òdòdó funfun kún. Nígbà tí wọ́n padà dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, màlúù ti jẹ gbogbo òdòdó náà. Wọ́n ní láti dúró di ìgbà tí òdòdó náà yóò tún yọ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Owó tán. Ray fi ìwé adójútòfò rẹ̀ dógò, ó sì ta àwọn àwo orin rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹni tí ń mójú tó ìnáwó fíìmù náà lọ bá Bijoya, ìyàwó Ray, ó sì rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà kí wọ́n fi ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ dógò. Owó yẹn náà kò tó. Iṣẹ́ dúró fún bí ọdún kan. Ray sọ nígbẹ̀yìn pé iṣẹ́ ìyanu mẹ́ta ni ó gba fíìmù náà là: ohùn ọmọkùnrin náà kò yí padà, ọmọbìnrin náà kò dàgbà jù, ìyá arúgbó tí ọjọ́ orí rẹ̀ súnmọ́ 80 kò sì kú.

Ìyá Ray ni ó wá gba ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ Bidhan Chandra Roy, olórí ìjọba ìpínlẹ̀ West Bengal. Ìjọba gbà láti fi owó sí i. Ní 1955 fíìmù náà parí. Ní New York ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn ní May ọdún náà, ó sì jáde ní Calcutta ní August. Ní 1956 ó gba ẹ̀bùn ní Cannes, ní ilẹ̀ Faransé. Títí di òní, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ fíìmù kà á mọ́ àwọn tí ó dára jù lọ tí a ti ṣe rí.

Àwọn oníbéèrè owó fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí bí ó ṣe parí. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún wa ni pé, "Ẹ wò ó, ìyàwó náà fi wúrà sílẹ̀, kò sì kábàámọ̀." Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí Bijoya ṣí àpótí rẹ̀, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹ̀bùn ń bọ̀ ní Cannes. Bí fíìmù náà bá ti kú sí ojú ọ̀nà, wúrà náà ì bá ti bá a lọ. Ọ̀pọ̀ fíìmù ni ó ti kú bẹ́ẹ̀ tí a kò mọ orúkọ wọn, ọ̀pọ̀ ìyàwó ni wúrà wọn kò sì padà wálé. Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ fi ìkórè ṣe ìdájọ́ ọjọ́ ìgbìn. Ìbéèrè ni pé: ṣé ó tọ́ ní ọjọ́ náà gan-an tí wọ́n bẹ̀ ẹ́?

Mo rò pé a rí ohun mẹ́ta tí ó gbè é. Èkíní, Ray kò bẹ̀rẹ̀ láti inú àpótí ìyàwó rẹ̀. Ohun tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi sílẹ̀, ìwé adójútòfò àti àwo orin tí ó fẹ́ràn. Èkejì, ohun tí ojú lè rí wà nílẹ̀. Wọ́n ti ya apá kan fíìmù náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lè wò ó kí ó tó dá sí i. Ẹ̀kẹta, kò ta ìtàn náà láti rí owó. Àwọn kan fẹ́ fún un lówó bí ó bá gbà láti yí ìtàn padà, ó kọ̀. Ìjọba gan-an fẹ́ kí ìparí rẹ̀ dùn ju bí ó ti wà lọ, kò gbà. Bí àwọn mẹ́ta yìí bá wà, ẹni tí a bẹ̀ lè mọ ohun tí òun ń dá owó sí. Bí wọn kò bá sí, ẹkún lásán ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Orúkọ tí owó ń jẹ́

Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìtàn Calcutta tí kò fi bẹ́ẹ̀ tọ́, èmi kò sì fẹ́ kí a fò ó. Nígbà tí ìjọba fi owó náà sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò gẹ́gẹ́ bí owó títún ọ̀nà ṣe, nítorí ọ̀rọ̀ "ọ̀nà" wà nínú àkọlé fíìmù náà. Àwọn ènìyàn a máa fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín. Ó pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Abúlé kan lè wà ní ibì kan tí ń dúró de ọ̀nà. Bí owó bá ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sí bí a ṣe lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ibí yìí ni mo ti rò pé ìdí ọ̀rọ̀ gbogbo wà. Owó ìparí gbọ́dọ̀ ní orúkọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bùn, kí wọ́n pè é ní ẹ̀bùn. Kò ní padà, kò sì ní bí èrè fún ẹni tí ó fi sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yáwó, kí wọ́n sọ ọjọ́ tí yóò padà, kí wọ́n sì sọ ibi tí yóò ti wá bí fíìmù náà kò bá tà. Bí ó bá jẹ́ ìpín nínú òwò, kí ìwé àdéhùn wà, kí a mọ ìdá mélòó nínú èrè, kí a sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní èrè. Owó tí àwọn òǹwòran san ní ilé sinimá kọ́ ni èrè. Onílé sinimá yóò mú tirẹ̀, ẹni tí ó pín fíìmù náà kiri yóò mú tirẹ̀, gbèsè yóò mú tirẹ̀, kí ó tó kan ẹni tí ó ṣe é.

Ìjà tí ń bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn irú ìdáwó yìí kì í sábà jẹ́ nítorí olè. Ohun tí ó máa ń fà á ni pé ẹni tí ó tọrọ ní ẹ̀bùn lọ́kàn, ẹni tí ó fúnni sì ní ìpín lọ́kàn, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín sí ara wọn, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò béèrè. Ìtìjú ọjọ́ kan ni ó ń bí ìbínú ọdún mẹ́wàá.

Ìjọ kan wà ní Amẹ́ríkà tí a lè fi ṣe àpẹẹrẹ níbí. Sherwood Baptist Church ni, ní ìlú Albany, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Kendrick méjì, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ìjọ náà, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe fíìmù ìdílé. Fíìmù àkọ́kọ́ wọn, Flywheel, jáde ní 2003. $20,000 péré ni ó ná wọn. Èkejì, Facing the Giants, jáde ní 2006. Ó ná wọn tó $100,000. Àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n dá owó náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣeré, tí ó sì ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà, jẹ́ ọmọ ìjọ tí kò gba owó oṣù kankan fún un. Àwọn òǹwòran san ju $10,000,000 lọ láti wo fíìmù kejì yìí. Ẹ rò ó wò: bí àwọn tí ó dá owó bá rò pé ìpín ni àwọn ní, ìjọ náà ì bá ti fọ́ ní ọjọ́ tí owó dé. Ẹni tí ó fi owó sílẹ̀ ní ẹ̀bùn lè yọ̀ sí $10,000,000 ẹlòmíràn láìní kọ́ń-ún lọ́kàn, nítorí ó mọ orúkọ tí owó tirẹ̀ ń jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwa Yorùbá mọ̀ dáadáa, òun ni rírà ìwòran. Eré àti owó ìjọ ti mọ ara wọn lọ́dọ̀ wa tipẹ́. Ní 1944, nígbà tí Hubert Ògúndé ṣì jẹ́ ọlọ́pàá, ó gbé eré olórin kan nípa ọgbà Édẹ́nì jáde ní Glover Memorial Hall ní Èkó. Ìjọ kan ni ó bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣe é, kí wọ́n lè fi wá owó ilé ìjọsìn. Eré ni ó ń ran ìjọ lọ́wọ́ nígbà náà. Nígbà tí fíìmù Yorùbá dé, tí Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde ní 1976, tí Ògúndé fúnra rẹ̀ sì gbé Ayé jáde ní 1979, àwọn tí ó ní fíìmù a máa gbé e láti ìlú dé ìlú, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, owó ẹnu ọ̀nà sì ni wọ́n fi ń san gbèsè. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ ṣe ẹ̀bùn lè sọ pé, "Parí rẹ̀. Ní ọjọ́ tí o bá parí, a ó ra tíkẹ́ẹ̀tì 200." Ìlérí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Pẹ̀lú rẹ̀, oníṣẹ́ lè lọ bá ẹlòmíràn kí ó sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ti àwọn opó ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ìyá kan yóò béèrè pé, "Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi owó ṣe fíìmù nígbà tí opó wà láàárín wa, tí àwọn ọmọ kan kò sì rí owó ilé-ìwé san?" Ìbéèrè náà wúwo, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín gbà á.

Èsì tèmi ni pé owó opó ti ní orúkọ. Owó ilé-ìwé ti ní orúkọ. Fíìmù, bí ó ti wù kí ó dára tó, kò gbọ́dọ̀ kan irú owó bẹ́ẹ̀, kódà kí ó jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó bá ní kí a yá òun nínú àpò opó ń ṣe ohun tí àwọn ará Calcutta ṣe pẹ̀lú owó ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a sọ pé gbogbo owó tí kì í ṣe ti oúnjẹ ni ìfiṣòfò. Àwọn ọmọ wa ń wo nǹkan ní alaalẹ́. Ẹnì kan ni ó ṣe ohun tí wọ́n ń wò, owó ẹnì kan ni wọ́n sì fi ṣe é. Bí a bá ń ráhùn pé ohun tí ó wà lójú tẹlifíṣọ̀n kò dára, tí a kò sì fẹ́ kí kọ́bọ̀ kan jáde fún ẹni tí ń ṣe èyí tí ó dára, ìráhùn wa kò ní ẹsẹ̀. Kí owó fíìmù wá láti inú ohun tí ó kù wá lọ́wọ́ lẹ́yìn ojúṣe, kí ó jẹ́ owó tí ẹni tí ó ní in fi inú dídùn mú wá.

Inú dídùn yìí ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá fi owó ìparí ṣe lẹ́fì, tí wọ́n ń ka orúkọ ẹni tí kò tíì san sétí ìpàdé, ó ti di owó orí. Ìyá tí ó mú ₦500 wá nítorí pé ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wo ojú rẹ̀ kò fúnni ní ẹ̀bùn, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ẹni tí ń tọrọ jẹ wá ní àyè láti sọ pé rárá láìtijú. Ẹni tí kò lè gba "rárá" kò tọrọ, àṣẹ ni ó ń pa.

Ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Kickstarter, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2009, ní ìlànà kan tí ó wù mí. Ẹni tí ó fẹ́ parí iṣẹ́ yóò sọ iye tí ó kù, yóò sì dá ọjọ́. Àwọn ènìyàn yóò ṣe ìlérí. Bí ìlérí wọn kò bá pé iye náà kí ọjọ́ tó kò, wọn kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Akápò ẹgbẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìwé kékeré kan àti bírò. Bí ₦2,000,000 ni yóò parí fíìmù náà, ₦600,000 kò ní parí rẹ̀. Yóò kàn lọ bá ₦5,000,000 àná ni. Kí a kọ ìlérí sílẹ̀, kí owó wà lọ́wọ́ olówó títí yóò fi pé. Ìtàn ọkùnrin tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ tí kò kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye owó rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ìṣirò yẹn kan ẹni tí ń fúnni pẹ̀lú.

Ohun tí ẹni tí ó fúnni jẹ oníṣẹ́

Àwa náà ní ojúṣe. Kí a tó fúnni ni àkókò ìbéèrè. Kí a ka ìtàn náà, kí a wo ohun tí wọ́n ti yà, kí a béèrè iye tí ó kù àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ṣe. Bí ohun kan bá wà níbẹ̀ tí kò tẹ́ wa lọ́rùn, kí a sọ ọ́ nígbà yẹn, tàbí kí a má fúnni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fúnni tán, kí a jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò dára kí ìyá kan fi ₦20,000 sílẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó sì ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé pé kí wọ́n fi ọmọ òun sí ojú fíìmù, tàbí pé kí ìyàwó inú ìtàn má ṣe bá ìyá ọkọ rẹ̀ jiyàn. Ẹ̀bùn tí ó ní okùn nídìí kì í ṣe ẹ̀bùn mọ́. Bí Ray bá ti gbọ́ràn sí gbogbo ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́, kì bá tí sí fíìmù kankan tí à ń sọ ìtàn rẹ̀ lónìí.

Gbèsè òtítọ́ tí mo sọ kò sì tán ní ọjọ́ tí owó bọ́ sí ọwọ́ oníṣẹ́. Bí ó bá parí, kí ó padà wá. Kí ó fi fíìmù náà han àwọn tí ó dá owó kí ó tó gbé e lọ sí ibòmíràn, kí ó sì ka ìṣirò bí ó ti ná an. Bí kò bá parí, kí ó padà wá bákan náà. Ẹni tí ó dúró níwájú àwọn ìyá tí ó sì wí pé, "Owó yín kò tó, ohun tí mo fi ṣe nìyí, ohun tí ó kù nìyí," ti san gbèsè rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí fíìmù. Ẹni tí ó parí fíìmù tí ó dára, tí kò sì yọjú mọ́, gbèsè ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ náà bá tún dé ìpàdé wa, kí a má ṣe lé e, kí a má sì jẹ́ kí ẹkún rẹ̀ sáré ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí a fún un ní àga àti omi tútù. Kí a wá bi í pé: Kí ni ìwọ fúnra rẹ ti fi sílẹ̀? Kí ni a lè fi ojú rí? Èló ni ó kù ní tòótọ́? Kí ni orúkọ owó tí o ń tọrọ? Ìgbà wo ni o máa padà wá? Bí ó bá dáhùn àwọn márùn-ún yìí láìyí ojú, ẹni tí ó bá ní kí ó fún un, ẹni tí kò bá ní kí ó gbàdúrà fún un, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ojú burúkú wo ẹnìkejì rẹ̀.